Àwọn Méjìdínlógún ti Sílóámù àti Iná Altadena

Bíbélì kíkà: Lúúkù 13:1–5; Esekíẹ́lì 33:1–6

 

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, iná igbó sọ ní agbègbè Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ní Pacific Palisades létí òkun. Òmíràn sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ní ẹsẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn Altadena. Ó tó ọjọ́ mẹ́rìnlélógún kí wọ́n tó ká méjèèjì lọ́wọ́ kò pátápátá. Ilé tó jó lé ní 16,000, ẹ̀mí 31 ló sì bá a lọ. Ilé ìsìn Mẹ́tọ́díìsì méjì wà lára ohun tó jóná, ọ̀kan ní Palisades, ọ̀kan ní Altadena.

Kò pẹ́ tí ìròyìn náà tàn tí àwọn kan fi ń wí pé ìdájọ́ ni. Wọ́n ní ìlú àwọn òṣèré sinimá ni, ìlú ẹ̀ṣẹ̀ ni, pé Ọlọ́run ló rọ iná lé e lórí bíi ti Sódómù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ tó mọ Bíbélì dáadáa.

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n gbé wá bá Olúwa wa nínú Lúúkù orí 13. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ àwọn méjìdínlógún tí ilé-ìṣọ́ wó lù ní Sílóámù wọ̀ ọ́. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn yẹn pọ̀ ju ti gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ. Kò dúró de èsì wọn. Ó ní rárá. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí àwọn tí ń bi í, ó ní kí àwọn gan-an ronú pìwà dà. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ìyá: Jésù kò bá òkú wí. Àwọn alààyè tó wà níwájú rẹ̀ ló bá wí.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kò fara sin. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà òjò ni oṣù Kìn-ín-ní yẹ kó jẹ́. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ fún ọdún méjì ṣáájú, koríko àti igbó kékeré sì hù bo gbogbo òkè. Ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ojú ọ̀run sé. Títí iná fi sọ, òjò tó rọ̀ ní àárín ìlú Los Angeles kò tó ìdajì ínǹṣì kan. Gbogbo ewéko wá gbẹ bí èésú. Ẹ̀fúùfù tí wọ́n ń pè ní Santa Ana wá dé láti aṣálẹ̀: ó gbẹ bí ọyẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ fíìfíì. Ó le débi pé àwọn bàálù tí ń da omi sórí iná kò lè fò lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀ṣẹ́ná ń fò láti òrùlé dé òrùlé, àwọn panápaná sì ń ṣí ẹ̀rọ omi ní òkè Palisades, omi kò jáde. Àwọn onímọ̀ sọ pé móoru tí ayé ń móoru sí i ń mú kí irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Èlíjà náà rí iná lórí òkè Hórébù, 1 Ọba 19 sì wí fún wa pé Olúwa kò sí nínú iná náà.

Ṣé ẹ mọ àwọn tó kú ní Altadena? Kì í ṣe òṣèré. Ẹni mọ́kàndínlógún ni wọ́n, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ni gbogbo wọn ń gbé, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú ti ra ilé nígbà tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n rà á níbòmíràn. Àwọn arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan kò lè rìn. Ìrọ̀lẹ́ ni àṣẹ kí wọ́n sá ti dé apá ìlà-oòrùn. Ó ti kọjá aago mẹ́ta òru kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwọn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò jí ńkọ́? Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ka Esekíẹ́lì 33. Bí idà bá ń bọ̀ tí olùṣọ́ kò fun ìpè, ọwọ́ olùṣọ́ ni Ọlọ́run ti ń béèrè ẹ̀jẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti wíwá ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, àwa náà kò mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana tó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n ń lọ. Ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ tó ń jó oko kòkó ni wọ́n bá nílé. Ta ló ṣẹ̀ nínú àwa àti àwọn?

Ẹ sì rántí iná ilé Epworth, ní òru ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1709. Susanna Wesley lóyún, ó la iná kọjá, ó jó o lọ́wọ́ àti lójú. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ọmọ, wọ́n rí i pé John, ọmọ ọdún márùn-ún, kò jáde. Àkókò kò sí láti wá àkàbà. Ọkùnrin kan gun èjìká ẹnìkejì, ó sì yọ ọmọ náà lójú fèrèsé kí òrùlé tó wó. Ọ̀pọ̀ ará ìjọ ni kò fẹ́ràn Àlùfáà Samuel Wesley. Bí àwọn aládùúgbò bá dúró jiyàn lórí ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ni, ìjọ wa ì bá má sí. John Wesley kò gbàgbé; igi tí a yọ nínú iná ló pe ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Sekaráyà 3:2.

Ọyẹ́ ti dé. Mo bẹ àwọn aṣáájú kíláàsì kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìyá tó ń dá gbé, àti àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ta ni yóò kan ilẹ̀kùn Màmá bí iná bá sọ lóru? Kì í ṣe fóònù nìkan, ẹsẹ̀ ẹni tó wà nítòsí ni. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kúrò nínú ilé. Ẹ da omi sórí eérú kí ẹ tó sùn. Ẹ sọ fún àwọn ọkọ àti ọmọ yín pé kí wọ́n má ti iná bọ oko nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó gbàdúrà fún ìjọ méjèèjì ti Palisades àti Altadena, a ó sì gbàdúrà fún àwọn panápaná tiwa náà.