Ẹyẹ Inú Àgò àti Ọmọ Kékeré: Ọrùn Ta Ni Àmánà Wà?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá ènìyàn, tí ó dá ẹranko, tí ó sì dá ẹyẹ tí ń fò lójú sánmà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammadu, ẹni tí a rán ní àánú fún gbogbo ẹ̀dá, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin-lóbìnrin! Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn kékeré tí a máa ń fi sínú àgò fún ọmọdé ni. Púpọ̀ nínú yín ti di ìyá, ẹ ti di bàbá. Ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó sì ní àbúrò nílé. Ọmọ ọdún 4 tàbí 5 a há súrà mélòó kan sórí ní ilé kéwú, inú wa a dùn, a ó bi í léèrè ohun tí ó fẹ́, òun náà a sì dáhùn pé ẹyẹ lòun fẹ́, tàbí ehoro. Ṣé kí á rà á fún un? Bí a ó bá rà á, èwo ni kí á rà?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀sìn dúró sí. Ní ìlú Mẹ̀dínà, Umm Sulaym, ìyá Anas ọmọ Maliki, bí ọmọkùnrin kékeré kan fún Abu Talha. Abu Umayr ni wọ́n ń pè é, kò sì pẹ́ tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Ó ní ẹyẹ kékeré kan tí ó fi ń ṣeré. Ní ọjọ́ kan Ànábì (s.a.w.) wọ ilé wọn, ó rí i pé ọmọ náà fajú ro, wọ́n sì sọ fún un pé ẹyẹ rẹ̀ ló kú. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tí ẹrù gbogbo ìjọ wà lọ́rùn rẹ̀, yíjú sí ọmọdé yìí, ó fi orúkọ tí wọ́n fi ń pe àgbà pè é, ó sì fi ẹ̀fẹ̀ bi í léèrè ohun tí ẹyẹ kékeré náà ṣe. Hádíìsì yìí wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim. Abu Dawud ló mú ti ìbànújẹ́ ọmọ náà wá.

Onímímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ibnul-Qass, tí ó kú ní ọdún 335 Híjírà, kọ odidi ìwé lórí hádíìsì kan ṣoṣo yìí, ó sì fa ẹ̀kọ́ tí ó tó 60 yọ nínú rẹ̀. Lára ohun tí àwọn onímímọ̀ rí níbẹ̀ ni pé ó tọ́ kí ọmọdé fi ẹyẹ ṣeré, ó tọ́ kí òbí náwó lé e, ó sì tọ́ kí á fi ẹyẹ sínú àgò. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ààlà sí i: eré ni a yọ̀ǹda, a kò yọ̀ǹda ìyà.

Hádíìsì mìíràn ló fi ààlà yẹn hàn. Àwọn méjèèjì náà ni wọ́n gbà á wá, Bukhari àti Muslim: obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò. Ó tì í mọ́lé, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ, títí ó fi kú. A kò gbọ́ pé ó lù ú. A kò gbọ́ pé ó fi ọ̀bẹ gún un. Ó kàn pa á tì síbi tí kò ti lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ fi hádíìsì méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìsémọ́ wà nínú méjèèjì. Ohun tí ó ń wọlé tọ ẹ̀dá náà lójoojúmọ́ ló fi ìyàtọ̀ sí i. Ẹ sì rántí pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ọmọdé títí yóò fi bàlágà. Bí ehoro bá kú sí òùngbẹ nílé wa, wọn kò ní kọ ọ́ sí ọrùn ọmọ ọdún 5. Ọrùn ẹni tí ó rà á wọlé ni yóò wà. Nítorí náà, kò sí ẹran tí í ṣe ti ọmọdé. Àmánà tiwa ni, ọmọ ń bá wa ṣe é ni. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú ẹran náà fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá sú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó má rà á.

Ní báyìí, èwo ni kí á yàn?

Èkínní, odídẹrẹ́. Ó lẹ́wà, ó ń sọ̀rọ̀, gbogbo ọmọdé ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú wọn, iye wọn sì ti dínkù débi pé ní ọdún 2016, nínú ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Johannesburg, wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí a kò gbọdọ̀ kó láti inú igbó ta sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó lè lo ọdún 40 láyé. Ó gbọ́n púpọ̀. Bí ó bá dá wà nínú àgò, a máa fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ ara rẹ̀.

Èkejì, ẹyẹ oko tí wọ́n fi páńpẹ́ mú, àti ọmọ ẹyẹ tí wọ́n gbé nínú ìtẹ́. Abu Dawud gbà á wá pé nígbà tí àwọn sàhábà kan gbé ọmọ ẹyẹ méjì lójú ìrìn-àjò, tí ìyá wọn ń rá bàbà, Ànábì (s.a.w.) ní kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èkúté. Bí ó tilẹ̀ funfun bí òwú, ó wà lára ẹ̀dá márùn-ún tí Ànábì (s.a.w.) ní a lè pa, kódà nínú Háráámù. Kí ọkàn wa wá èyí tí ó dára jù ú lọ.

Ẹ̀kẹrin, ehoro. Ó tutù lójú, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò lágbára. Bí ọmọdé bá gbé e sókè tí ó bá ń ta ẹsẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lè dá. Orí ẹní ni kí ọmọ jókòó sí, kí àgbà gbé ehoro sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ooru kì í bá a lára mu. Àgò tí a gbé sábẹ́ páànù nínú oòrùn ọ̀sán lè pa á. Koríko ni olórí oúnjẹ rẹ̀, ó sì lè lo ọdún 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkarùn-ún, ẹran kékeré tí wọ́n ń pè ní guinea pig. Kì í sábà bu ènìyàn jẹ, ó sì máa ń wà lójúfò lọ́sàn-án. Ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ara tiwa náà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rí koríko àti ẹ̀fọ́ tútù jẹ lójoojúmọ́. Kì í fẹ́ dá gbé. Abo méjì ni kí á rà.

Ìkẹfà, ẹyẹlé. Àwọn baba wa ti ń sìn ín tipẹ́. Ọkà bàbà, àgbàdo àti omi tó o. Takọtabo ni kí á sìn pọ̀, nítorí wọn kì í fi ẹnìkejì wọn sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ó bá ti mọlé, a lè ṣí àgò fún un, kí ó fò lọ, kí ó sì padà wálé. Ilé ni àgò jẹ́ fún un nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó ní àgbàlá kí ó sin ẹyẹlé. Ẹni tí ó ń gbé yàrá kan tàbí méjì kí ó wo guinea pig. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé méjèèjì, kí ó fi abọ́ omi àti ẹ̀kúnwọ́ ọkà sí ìta fún ẹyẹ Ọlọ́hun, kí ọmọ máa bá a gbé e. Láádá ń bẹ nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí a bá ṣe lóore, bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́ nínú hádíìsì ọkùnrin tí ó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi.

Ó ku ìmọ̀ràn díẹ̀. Ní mázíhábù Imam Malik, ìgbẹ́ ẹyẹlé àti ti ehoro kì í ba aṣọ ìrun jẹ́, nítorí jíjẹ ẹran wọn tọ́, bí wọn kò bá sáà ti ń jẹ ẹ̀gbin. Síbẹ̀, ó lè kó àrùn ranni. Kí àgbà máa gbá inú àgò, kí ọmọ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí a bá ń lọ sílé fún Iléyá, kí á mọ ẹni tí yóò fún wọn lómi kí á tó wọ mọ́tò. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìkòkò ni ehoro ń lọ, kí á sọ fún ọmọ láti ọjọ́ kìíní. Ànábì (s.a.w.) kìlọ̀ fún ìyá kan pé bí ó bá pe ọmọ rẹ̀ pé wá gbà, tí kò sì fún un ní nǹkan kan, irọ́ ni wọn yóò kọ sílẹ̀ fún un.

Bí ẹran náà bá sì kú, ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọmọ pé ẹyẹ lásán ni. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè nípa rẹ̀, bí Ànábì yín ti ṣe. Ọmọ tí ó bá rí àánú lọ́wọ́ wa lónìí, òun ni yóò ṣàánú wa nígbà tí a bá darúgbó, tí àwa náà kò lè bu omi fún ara wa mọ́.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe aláàánú, kí Ó bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀ pè wá lẹ́jọ́ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.