Ẹ̀rí Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Yá

Ẹni tó bá ní òun mu àgbo kan, àìsàn sì fi òun sílẹ̀, kì í sábà purọ́. Ó mu ún lóòótọ́, ara rẹ̀ sì yá lóòótọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí àti àwọn ẹlẹ́sìn ti ń bá ara wọn fà láti ayébáyé ni ohun tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè fi múlẹ̀: ṣé àgbo yẹn ló wò ó sàn ni, àbí ó kàn sàn lẹ́yìn tó mu ún? Ìbéèrè yìí ti wà tipẹ́ kí fídíò ìlera tó gba ojú fóònù, tí àwọn òǹwòran ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn, kí Ọlọ́run bù kún dókítà. Ẹ̀rí kan náà ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní Epidaurus, nílẹ̀ Gíríìsì, níbi tí tẹ́ńpìlì Asclepius òrìṣà ìwòsàn wà, àwọn aláìsàn a máa sùn mọ́jú nínú ọgbà tẹ́ńpìlì, kí òrìṣà lè bẹ̀ wọ́n wò lójú àlá. Ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n gbẹ́ ìtàn àwọn tó rí ìwòsàn sára òkúta ńláńlá. Ọ̀kan nínú wọn ni Ambrosia, obìnrin ará Athens tí ojú rẹ̀ kan fọ́. Ó fi ìtàn àwọn tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sùn, ó sàn, wọ́n sì ní kó fi ẹlẹ́dẹ̀ fàdákà ṣe ọrẹ láti fi rántí àìmọ̀kan rẹ̀. Pausanias, arìnrìn-àjò ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, ní òkúta mẹ́fà ló ṣẹ́kù nígbà tí òun débẹ̀, pé wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó sùn síbẹ̀ tọkàntọkàn tí wọ́n sì ru àìsàn wọn padà sílé, kò sẹ́ni tó gbẹ́ òkúta fún wọn.

Ẹni tó fi ọwọ́ ba àlébù yìí ni Diagoras ará Melos, tí wọ́n mọ̀ sí aláìgbàgbọ́. Cicero, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ló ròyìn rẹ̀: ní erékùṣù Samothrace, ọ̀rẹ́ Diagoras kan fi àwòrán àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún òrìṣà nígbà ìjì tí wọ́n sì gúnlẹ̀ láàyè hàn án, ó ní ṣé kò rí i pé àwọn òrìṣà ń gbọ́ àdúrà ni. Diagoras dáhùn pé àwọn tí ọkọ̀ wọn rì ńkọ́, níbo ni àwòrán tiwọn wà? Francis Bacon, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Gẹ̀ẹ́sì, tún ìtàn náà sọ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1620, ó sì fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrìṣà nìkan ló kàn. Yorùbá ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ọgbọ́n ló kọ́ ará ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ará ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rí i nígbà tó jìn. Nínú ọ̀rọ̀ oògùn, ẹni tó jìn sí kòtò kì í sábà sọ̀rọ̀: ó lè ti kú, ojú lè máa tì í, ó sì lè ti gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn mìíràn lọ láìpadà wá sọ ohunkóhun.

Ẹsẹ Ifá gbìyànjú ju òkúta Epidaurus lọ níhìn-ín. Gẹ́gẹ́ bí Wande Abimbọla, onímọ̀ nípa Ifá, ṣe tú ìhun rẹ̀ palẹ̀, ẹsẹ Ifá a máa sọ ẹni tí wọ́n dífá fún, ìṣòro tó gbé e dé ọ̀dọ̀ awo, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àwọn tí nǹkan bàjẹ́ fún wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó fi wọ́n pamọ́. Àmọ́ wọ́n sábà jẹ́ àwọn tó kọtí ikún sí ẹbọ. Ẹni tó rúbọ pé pérépéré tí kò sì rí ojútùú ṣọ̀wọ́n, òun gan-an sì ni ẹni tí Diagoras ń wá.

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú nípa ìmọ̀, wọ́n sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1986. Ohun tí àwọn oníṣègùn náà tẹnu mọ́ ni pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí ló lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó gbà á gbọ́ lásán ni, títí di ìgbà tó bá dán an wò. Ìlànà yìí le; bí wọ́n bá fi wọn ohun tí ọmọ iléèwé ń kà nínú ìwé, díẹ̀ ni yóò jẹ́ ìmọ̀ níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rí tí òǹwòran gbọ́ lórí fóònù kò tíì kúrò ní ìgbàgbọ́. Aláìsàn tó sàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ojú rẹ̀ rí àgbo, ojú rẹ̀ rí àlàáfíà. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni kò rí. David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Scotland, ti kọ ọ́ ní 1748 pé kò sẹ́ni tó ń fi ojú rí bí ohun kan ṣe ń fa òmíràn: èkíní ṣẹlẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, ọkàn ènìyàn ló so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó fara rí i pàápàá lè má mọ̀.

Ẹ̀yìn ríro, làkúrègbé àti ọgbẹ́ inú a máa le, a sì máa dẹwọ́ fúnra wọn. Ọjọ́ tó le jù ni ènìyàn ń wá oògùn lọ, ohun tó sì bá lò lọ́jọ́ náà ni yóò gba ọpẹ́ ìdẹwọ́ tí ì bá dé bí kò tilẹ̀ lo nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lo ẹyọ kan: àgbo ní òwúrọ̀, oògùn kẹ́mísìtì lọ́sàn-án, omi àdúrà lálẹ́. Bí ara bá yá, ọ̀kan ṣoṣo ló sábà ń gba ìyìn.

Ọ̀nà tí wọ́n fi jáde nínú ọ̀fìn yìí rọrùn láti sọ. Ní 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ogun Salisbury, kó atukọ̀ 12 tí scurvy ń dà láàmú jọ, àrùn tó ń mú erìgì wú tó sì ń mú un ṣẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ, ibì kan náà ni wọ́n sùn, ṣùgbọ́n ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ohun ọ̀tọ̀: àwọn méjì mu omi òkun, àwọn méjì mu ọtí kíkan, àwọn méjì jẹ ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù. Àwọn ọlọ́sàn ló tètè dìde. Iṣẹ́ Lind níyì nítorí pé kò fetí sí ẹni tó sàn nìkan. Gbogbo àwọn 12 ló wò. Síbẹ̀, ó di 1795 kí àwọn aláṣẹ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa pín omi lẹ́mọ́ọ̀nù fún àwọn atukọ̀.

Àwọn kan gbà pé irú àyẹ̀wò yìí jẹ́ àìnígbàgbọ́. Àwọn ẹ̀sìn fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Lourdes, nílẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ti ń wá ìwòsàn, àwọn dókítà ti ń yẹ ẹ̀rí ìwòsàn wò láti 1883. Àwọn tó wá ròyìn níbẹ̀ lé ní 7,000, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 2018, 70 péré ni ìjọ Kátólíìkì gbà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìyanu. Nínú Ìsìláàmù, àwọn onímọ̀ hadíìsì, ìyẹn ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, náà kì í gba ọ̀rọ̀ nítorí pé ó dùn létí: wọ́n á tọ ẹ̀wọ̀n àwọn tó gbà á sọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá sì mẹ́hẹ, wọ́n á ní hadíìsì náà kò lágbára. Ti àwọn aládùúrà ilẹ̀ Yorùbá gba ọ̀nà mìíràn: ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ inflúẹ́ńsà, ẹgbẹ́ aládùúrà kan hù jáde, ní 1930 sì ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Ìjẹ́rìí gbilẹ̀ nínú àwọn ìjọ tó ti inú wọn jáde títí dòní, ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ ni. Ẹni tó ń jẹ́rìí ń sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un; kò sọ fún ará ìjọ pé kó mu ife méjì láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí ọpẹ́ bá di ìlànà oògùn ni ó kúrò ní àyè rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn òǹwòran fídíò ìlera, ìbéèrè wọn ni kó kà ju ìyìn wọn lọ. Ṣé aláboyún lè lò ó? Ṣé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè fi oògùn ilé ìwòsàn sílẹ̀? Ẹni tó ń béèrè irú èyí lọ́wọ́ àjèjì lè má rí dókítà tó ráyè dá a lóhùn, tàbí kó má rí owó tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2018 lórí fídíò YouTube 150 nípa jẹjẹrẹ prostate rí i pé 77 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà tàbí tó ṣègbè, yálà nínú fídíò náà tàbí nínú ohun tí àwọn òǹwòran kọ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ìmọ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wò jù.

Ní oṣù Kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Nàìjíríà, ìròyìn kan gba orí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ará ilé wọn ní ìfẹ́ wọn lọ́kàn ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ròyìn pé ó kéré tán, ènìyàn méjì kú níbi tí wọ́n ti ń mu iyọ̀. Ebola fúnra rẹ̀ mú ènìyàn 20, ó sì pa mẹ́jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá gbogbo ẹni tó bá aláìsàn pàdé kàn láti ilé dé ilé, àti èyí tó ṣàìsàn àti èyí tí kò ṣàìsàn, ló dá a dúró, tí wọ́n fi kéde ní 20 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà.