Ìwé Tó Mọ Ìdílé Ẹ̀rọ

Òjò ń rọ̀ l'Òkòkòmáíkò lálẹ́ yìí, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń wo ìwé tó wà lórí itan mi. Etí rẹ̀ ti ká. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ gbogbo kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò sí láti 2008: ọjọ́ tí mo tò ó, ohun tí mo fi sí i, iye tí mo rà á, àti ìdí tí mo fi mú èyí tí n kò mú tọ̀hún.

Orúkọ tí à ń pe ẹ̀rọ àlòkù, Tòkunbọ̀, ni mo ń rò. Ọmọ tí a bí sókè òkun là ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i àti bó ṣe délé. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí à ń rà lọ́jà Álábà kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ní 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù, pé púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣe é tún ṣe mọ́. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni motherboard tí mo kọ́kọ́ rà bá wá. Ta ló lò ó? Ọdún mélòó ló lò lábẹ́ tábìlì ẹlòmíì? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: Pentium 4, RAM 512 MB, hard disk 40 GB.

Ní 2011, mo tò kọ̀ǹpútà kan fún ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU, nítòsí Ìyànà Ìbà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí motherboard rẹ̀ fi kú. Gbogbo wa dẹ́bi fún iná, àti jẹnẹrétọ̀ tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo tú u, mo kó ohun tó kù pa mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òmíràn kú bákan náà, nílé tí wọ́n ti ní stabilizer. Iná náà la tún bú. Nígbà tí ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo ṣí ìwé, mo ń fi ìka tọ ìlà láti ewé dé ewé. Power supply kan ṣoṣo ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo yọ ọ́ lára òkú àkọ́kọ́ fún ìkejì, mo tún yọ ọ́ lára ìkejì fún ìkẹta. Mo fi mítà wọn wáyà rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, tó yẹ kó gbé 12 fóltì. 13 ó lé ló ń gbé. Nígbà tí mo tú ìdérí rẹ̀, orí capacitor méjì ti wú bí eéwo tó fẹ́ tú. Mo gé wáyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọkàn mi kò purọ́ fún mi. Ohun tó dùn ún ló rántí: òkùnkùn àti ariwo jẹnẹrétọ̀. Kò ka àpótí kékeré yẹn sí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn wo ni àgbà tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fẹ́ wò? Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé pàápàá ń fi èédú fa ìlà sára ògiri, kí gbèsè má baà sọnù.

Síbẹ̀, ìdí ni mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí mo ń kọ. Ní 2010, mo ra motherboard tó ń lo DDR2, mo kọ ọ́ pé owó rẹ̀ ló rọjú. Lábẹ́ rẹ̀, mo fi bírò mìíràn kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé RAM rẹ̀ ti ń wọ́n, DDR3 kò sì wọ ojú ihò rẹ̀. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Bí n kò bá kọ ìdí sílẹ̀, wèrè yẹn nìkan ni ǹ bá máa rí, n kò ní mọ̀ pé ọgbọ́n ni lọ́jọ́ tí mo rà á.

Òjò ti dá. Mo kọ ti kọ̀ǹpútà tí mo tò lónìí: ọjọ́, ẹ̀yà, iye, ìdí. Mo fi ìdajì ojú ewé sílẹ̀ lófìfo, fún ohun tí ẹ̀rọ náà bá fojú rí.