Aláìní Ọlọ́run: Ìgbàgbọ́ Ni Tàbí Àìnígbàgbọ́?

Ẹni tí ó wí pé Ọlọ́run kò sí, ǹjẹ́ ó ní ìgbàgbọ́? Èdè wa mọ ìyàtọ̀. ‘N kò gbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà’ fi àìní hàn; ‘Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run kò sí’ jẹ́ ohun tí a dì mú, onítọ̀hún sì jẹ wá ní àlàyé.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, atheos, kò fara hàn nínú Májẹ̀mú Titun ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, ní Éfésù 2:12. Àwọn tí òrìṣà wọn pọ̀ lọ jàra ni a sì pè bẹ́ẹ̀! Ní ọ̀rúndún kejì, àwọn ará Róòmù fi í pe àwọn Kristẹni pẹ̀lú. Nítorí náà ni àwa kò ṣe fara mọ́ ‘aláìgbàgbọ́’ níhìn-ín: a ti ń fi í pe aládùúgbò tí ń kírun nígbà márùn-ún lóòjọ́.