Orúkọ Ta Ni Ká Kọ Sí I?

Ní agbo ilé kan nítòsí gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn, ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń lọ sí yunifásítì ń sọ̀rọ̀ lórí oríkì kíkì.

ỌMỌ: Ìyá àgbà, obìnrin akéwì kan wà ní Jàpáánù, Chiyo-ni. Ọdún 1703 ni wọ́n bí i. Haiku ló ń kọ, ewì kúkúrú alápá mẹ́ta péré. Ní 1754 ó fárí, ó di ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin nínú ẹ̀sìn Búdà, síbẹ̀ kò jáwọ́ nínú ewì. Ní 1763, ewì rẹ̀ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ta àwọn ikọ̀ Kóríà lọ́rẹ. Ayé ṣì mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ki gbogbo ilé yìí, ta ni yóò mọ̀ yín?

ÌYÁ: Kí ni mo fẹ́ forúkọ ṣe? Obìnrin tó bá ń wá òkìkí, ilé ló ń tú.

ỌMỌ: Salawa Abẹ̀ní gbé àwo wákà jáde ní 1976, orúkọ rẹ̀ wà lára àwo náà. Ilé ta ló tú?

ÌYÁ: Orin tirẹ̀ nìyẹn. Ìyálé mi ló kọ́ mi ní oríkì, ìyá ọkọ wa ló kọ́ òun. Àwọn baba ilé là ń kì, kì í ṣe èmi. Bí mo bá kọ orúkọ mi sí i, ṣé kì í ṣe olè nìyẹn?

ỌMỌ: Òṣùpá, ìrì, yìnyín, gbogbo akéwì haiku ló ni wọ́n. Ohun tí kálukú fi wọ́n dá ló fọwọ́ sí.

ÌYÁ: Òṣùpá kì í bínú, ọmọ mi. Òkú ilé a máa bínú.

ỌMỌ: Ọkùnrin tó gba ohùn yín sílẹ̀ níbi òkú bàbá ńkọ́?

ÌYÁ: Ẹni yẹn! Ó tà á ní kásẹ́ẹ̀tì l'Ọ́jà'ba, orúkọ tirẹ̀ ló kọ sí i!

ỌMỌ: Àyè tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ló jókòó sí.

ÌYÁ: Pé ó jalè kò ní kí tèmi di ẹ̀tọ́.

ỌMỌ: Ká kọ ọ́ báyìí: oríkì ilé wa, lágbájá ló kì í, ẹnu ìyálé rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

ÌYÁ: Ìyẹn lọ́wọ̀ nínú. Bí orúkọ ìyálé mi bá wà níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìjà àti ìtìjú ilé tó wà nínú oríkì náà ńkọ́? Ìyẹn ṣì ń kọ mí lóminú. Ká bi àwọn ará ilé léèrè ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù gba ohùn àwọn ìyá wa sílẹ̀ níbi ìnáwó, ẹ béèrè orúkọ wọn, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó kọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.