ÒJÒ-DÍDÌ ÀTI Ẹ̀RÍ ẸNÌKEJÌ WA

Àwọn baba wa a máa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ìjọ, àti ní pàtàkì ẹ̀yin olùkọ́, rò dáradára: bí ẹnìkan bá jẹ́rìí sí ohun tí ojú wa kò rí rí, ó ha tọ́ kí a pè é ní èké nítorí pé a kò mọ irú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn òjò-dídì wádìí rẹ̀.

John Locke, amòye ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ ìtàn ikọ̀ ará Hólàǹdì kan lọ́dọ̀ ọba Síámù, ilẹ̀ tí a ń pè ní Táílàǹdì nísinsìnyí. Ikọ̀ náà wí pé ní ìlú òun, nígbà òtútù, omi a máa le tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀, àti pé yóò gba erin pàápàá dúró. Ọba dáhùn pé òun ti ń gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀ bí olóòótọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ó dá òun lójú pé irọ́ ni ó ń pa.

Kí a má ṣe rò pé ará ilẹ̀ gbígbóná nìkan ni irú èyí ń bá. Ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1848, Johannes Rebmann, ọmọ Jámánì tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S., rí òjò-dídì lórí òkè Kilimanjaro, ní ilẹ̀ tí ó di Tàǹsáníà. Nígbà tí ìròyìn náà dé Lọ́ńdọ̀nù, W. D. Cooley, ọ̀mọ̀wé nípa ilẹ̀ ayé, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí, ta kò ó, ó ní ojú ni ó tan Rebmann jẹ. Ní 1861 àti 1862 ni Baron von der Decken gun ara òkè náà, tí ó sì fi ìdí ọ̀rọ̀ Rebmann múlẹ̀.

Òjò-dídì kì í bọ́ bákan náà níbi gbogbo. Ohun méjì ni ó ń fẹ́: òtútù àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Bí a bá gòkè ní 1,000 mita, ooru a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6 dínkù. Kilimanjaro sì ga tó 5,895 mita, nítorí náà òjò a máa dì lórí rẹ̀ bí ooru tilẹ̀ ń mú àwọn ará ìsàlẹ̀. Àárín Antarctica tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ: òjò-dídì ọdún kan níbẹ̀, bí a bá yọ́ ọ, kì í sábà tó 50 milimita omi. Ní ìwọ̀-oòrùn Jàpáàn, ẹ̀wẹ̀, ẹ̀fúùfù Síbéríà a máa fa ọ̀rinrin láti inú òkun, òjò-dídì a sì ga ju ènìyàn lọ. Bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá ti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wá, ọ̀rọ̀ wọn kò ní bára mu, síbẹ̀ kò sí èké nínú wọn.

A kò wí pé kí a gba gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́. Ẹni tí ó gba ohun gbogbo gbọ́ àti ẹni tí kò gba ohunkóhun gbọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n: àwọn méjèèjì sá fún làálàá ìwádìí. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè: ǹjẹ́ ẹlẹ́rìí náà dé ibẹ̀? Èrè wo ni irọ́ yóò mú wá fún un? Àwa ńkọ́, a ha dé ibẹ̀ rí bí?

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ọmọ ilé-ìwé kan lè sọ fún olùkọ́ rẹ̀ nípa ìyà tí ó ń jẹ lọ́wọ́ alágbàtọ́ rẹ̀. Nítorí pé alágbàtọ́ náà jẹ́ ẹni iyì nínú ìjọ, kíá ni a ó wí pé ọmọ náà ń purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ni ó ń sùn nínú ilé náà, kì í ṣe àwa. Bí a bá dá a lẹ́bi láìwádìí, ibi tí Cooley jókòó sí ni àwa náà jókòó sí; ìyàtọ̀ kan ni pé òkè Kilimanjaro kò ní ara tí pàṣán lè bẹ́, ọmọ náà sì ní.

Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ fi han Jóbù bí ìmọ̀ rẹ̀ ti kéré tó, òjò-dídì wà lára ohun tí Ó bi í léèrè. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí a fi ìrẹ̀lẹ̀ gbọ́ ẹ̀rí ẹnìkejì wa, kí a sì wádìí kí a tó dájọ́. Kí Olúwa fún wa ní etí ìgbọ́.