Iṣẹ́ Tí A Lè Fi Han Àlejò

Bí olùkọ́ kan ní Ìyámoyè bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ láti lọ wo adẹ́mu lórí ọ̀pẹ, tí wọ́n sì gba ọjà kọjá bọ̀ wálé, òbí wo ni yóò bá a wí? Ẹmu kì í ṣe ohun ìtìjú ní ilẹ̀ Òkun. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ibi tí wọ́n ti ń fi ẹmu náà sè ògógóró ni àwọn ń lọ, ọ̀rọ̀ di wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀pẹ kan náà ni méjèèjì ti wá. Èé ṣe tí a fi ń fi ọ̀kan hàn, tí a sì ń fi èkejì pamọ́?

Iná ni ó yà wọ́n. Nígbà tí ẹmu bá ti kan dáadáa, wọn a rọ ọ́ sínú àgbá, wọn a dáná sí i. Ooru rẹ̀ a gba inú ọ̀pá bàbà kọjá nínú omi tútù, a sì máa kán tótó sínú ìgò. Iṣẹ́ sùúrù ni. Àwọn ará Oaxaca ní Mẹ́síkò ń ṣe irú rẹ̀, agave ni wọ́n ń lò, mezcal ni orúkọ ọtí wọn. Wọn a sun kùkùté agave nínú kòtò, ẹṣin a yí ọlọ òkúta lé e lórí, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ní Santiago Matatlán, àlejò a dúró ti iná, a tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà a sì lọ ná ọjà ọjọ́ Àìkú ní Tlacolula. Láti 1994 ni òfin ti ń dáàbò bo orúkọ ọtí náà.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1919, àwọn orílẹ̀-èdè aláwọ̀ funfun fi ìwé àdéhùn Saint-Germain ka irú iṣẹ́ yìí léèwọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń ṣe àkóso lé lórí ní Áfíríkà. Nígbà tí owó wọ́n ní àwọn ọdún 1930, tí iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà, ọlọ́pàá ń fọ́ àgbá, adájọ́ ń sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba kan náà ń gba owó-orí lórí jíìnì tí ó ti òkè òkun wá! Bí asetí bá sá wọ igbó nígbà náà, ta ni yóò pè é ní ọ̀daràn?

Síbẹ̀, igbó tí ó bo olóòótọ́ mọ́lẹ̀ ni ó bo oníjìbìtì. Ní oṣù kẹrin 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú, tí wọ́n sì ń kú ní agbègbè Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé mẹ́táńọ́ọ̀lù inú ọtí ni. Ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers pẹ̀lú, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de títa ògógóró ní oṣù kẹfà ọdún náà. Òfin tún lé oníṣẹ́ padà sínú igbó.

Ẹnìkan lè wí pé àfihàn náà lè jẹ́ ẹ̀tàn: ẹni tí ó sè fún ojú àlejò ní ọ̀sán lè sè òmíràn ní òru. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti mọ èyí tipẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí ó gbé ẹmu kalẹ̀ fi ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú àlejò, kí ó tó bu tirẹ̀ fún un. Ìgò tí wọ́n rà ní Ìrèlè kò ní ẹni tí yóò kọ́kọ́ mu.